A jẹ arọ́kin ní gbèsè

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó fi pamọ́, kó padà wá kà á lálẹ́.

Lánàá ni mo rí fídíò kan tó ń lọ káàkiri. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ agbádá, ó dúró síwájú àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ó ń sọ ìtàn Ṣàngó. Ó sọ ọ́ dáadáa o, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní Ṣàngó pokùn so, ó parí. Ká tó ṣẹ́jú, ìjà ti dé. Àwọn oníṣàngó ń ṣépè, wọ́n ní Ọba kò so. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe àwọn yẹn ní abọ̀rìṣà. Ẹnìkan ṣoṣo ló rọra béèrè pé, "Bọ̀dá, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ìtàn yìí?" Ó fèsì pé, "Ìwádìí ni."

Ìwádìí lọ́wọ́ ta ni? Ibẹ̀ ni ìjà tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó sọ pé ìlara ló ń ṣe mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ṣì wà ní yunifásítì, mò ń gbé Under G níbí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ sọ fún mi pé bàbá àgbà kan wà ní agboolé àwọn tó mọ ìtàn bí ẹní mọ owó. A wọ mọ́tò ní Tákié, a lọ bá bàbá. Ẹ̀yin èèyàn mi, bàbá sọ̀rọ̀! Ó ki oríkì ilé tiwọn, ó ki ti ilé tó wà níwájú wọn. Ó dárúkọ èyí tó bá Àtìbà dé Àgọ́ Ọjà nínú àwọn bàbá ńlá rẹ̀, ó sọ ohun tí wọ́n rù lórí, ó sọ ẹni tó kú sọ́nà. Ó ń wúkọ́, ó ń mu omi, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Wákàtí méjì ó lé ni mo fi fóònù gbà sílẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo fún bàbá ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Wọ́n gbà á, wọ́n súre fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tó o bá ti ṣe é tán, gbé e wá kí n gbọ́ ohùn ara mi." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Màá gbé e wá."

Mi ò gbé e lọ.

Mo gé ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú ẹ̀, mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tèmi gàdàgbà lórí ẹ̀. Àwọn èèyàn pín in, wọ́n ń kí mi, wọ́n ní mò ń gbé àṣà lárugẹ. Ní ti bàbá, ohun tí mo kọ ni "bàbá àgbà kan ní Ọ̀yọ́". Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n jí fóònù yẹn lápò mi nínú mọ́tò. Wákàtí méjì yẹn bá a lọ. Mi ò da nǹkan kan kọ síbòmíràn.

Lọ́dún yìí, ọ̀rẹ́ mi pè mí pé bàbá ti kú. Ọmọ wọn obìnrin, ìyá tó ti dàgbà, gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìwọ lo gba ohùn bàbá wa sílẹ̀. Jọ̀ọ́, bá wa fi ránṣẹ́. A ò ní ohùn wọn lọ́wọ́ rárá."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni mo rí fi ránṣẹ́. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé "àwa" nínú ọ̀rọ̀ yìí, orí ara mi ni mo kọ́kọ́ ń nà. A jẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ààfin Ọ̀yọ́. Àwọn tí à ń pè ní arọ́kin, ìdílé ni wọ́n, iṣẹ́ ìran ni wọ́n ń ṣe. Ológbo ni oyè olórí wọn. Àwọn ni wọ́n ń to orúkọ àwọn Aláàfin láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń ki wọ́n, tí wọ́n ń sọ ẹni tó jagun, ẹni tó tú ìlú ká, ẹni tó tún un ṣe. Ọba ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa: iṣẹ́ ni, owó iṣẹ́ sì wà fún un. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Paulo de Moraes Farias lọ jókòó tì wọ́n, ó sì tẹ ohun tí wọ́n bá a sọ jáde ní 1992. Lójú àwọn arọ́kin fúnra wọn, ìtùnú wà nínú iṣẹ́ wọn: bí ìbànújẹ́ bá bá ọba, àwọn ni wọn yóò sọ ìtàn fún un tí ọkàn rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ìtàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi dá àwọn èrò lára yá kí wọ́n lè tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1835, ilé wó, ọjà parẹ́, igbó bo ààfin. Inú ọgbà ẹranko tí ìjọba ń ṣọ́ ni ahoro rẹ̀ wà báyìí. Kí ló kù tí wọ́n gbé dé Ọ̀yọ́ tuntun? Ohun tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn ni. Ogun ò lè kó o, iná ò lè jó o.

Ẹ wá sórí Samuel Johnson. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé òyìnbó ló kọ ìtàn Yorùbá fún wa, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ Yorùbá ni, ìran Aláàfin Abíọ́dún. Wọ́n bí i ní Hastings ní Sàró ní 1846, nítorí pé wọ́n ti kó bàbá ẹ̀ lẹ́rú. Ó bá àwọn òbí ẹ̀ padà wá sí Ìbàdàn ní ọmọdé, ó ṣe tíṣà, ó di àlùfáà Áńgílíkà. Nígbà ogun Kírìjì, ó wà lára àwọn tí wọ́n ń rán níṣẹ́ àlàáfíà láàárín Aláàfin, àwọn jagunjagun àti gómìnà Èkó. Ọ̀yọ́ yìí náà ló ti ṣe pásítọ̀, ibẹ̀ ló sì ti parí ìwé ẹ̀ ní 1897.

Kí ló dé tó fi kọ ọ́? Ó fúnra ẹ̀ sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú: ó rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, wọn ò sì mọ ti ilẹ̀ wọn. 1897 rèé o. Àwa tá a lọ sílé ìwé lẹ́yìn 2009, tí ìjọba yọ Ìtàn kúrò lára iṣẹ́ tó dá dúró fún àwọn ọmọdé, tó jẹ́ pé 2018 ni wọ́n tó ní kó padà, ṣé kì í ṣe wa ló ń bá wí?

Ẹ wá wo ohun tí Johnson ṣe tí ọ̀gbẹ́ni alágbádá inú fídíò ò ṣe. Ó dárúkọ. Ó ní ọwọ́ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ lòun ti gba ìtàn àtijọ́. Ó dárúkọ Tìmì Lágúnjú ti Ẹdẹ, ọba tí gbogbo ilẹ̀ mọ̀ sí onítàn. Ó dárúkọ David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn, tó ti di ọ̀dọ́ ní ayé Aláàfin Abíọ́dún. Kódà nígbà tí ohun tó gbọ́ ò wọ̀ ọ́ létí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ó wá bá a jiyàn. Ìtàn pé Mẹ́kà la ti wá, ó kọ ọ́, ó sì sọ ibi tí òun ò ti gbà. Torí ẹ̀ ni àwa náà fi lè bá Johnson jiyàn lónìí. Ẹni tó bá sọ pé "ìwádìí ni" tó sì dákẹ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a jiyàn?

Ìdí nìyẹn tí ìjà Ṣàngó ò fi lè parí lábẹ́ fídíò yẹn. Johnson kọ ọ́ pé Ṣàngó gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Àwọn oníṣàngó ní Ọba kò so. Ìtàn méjì ni, ilé méjì ló ni wọ́n. Ká ní arákùnrin yìí sọ pé "bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nínú ìwé Johnson nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kòso nìyí", à bá kọ́ nǹkan. Ó gé orúkọ àwọn tó ni ín kúrò, ó wá ku èpè.

Ẹ gbọ́ ohun tójú ìwé náà rí. Ní 1899, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba. Ó sọnù síbẹ̀. Wọn ò rí i mọ́ títí dòní. Johnson kú ní 1901. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun, ó di Amẹ́ríkà. Orí ló yọ ọ́. 1921 ni ìwé tó jáde, ọdún kan lẹ́yìn tí Obadiah fúnra ẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n ò rí i, àbúrò ò rí i.

Kì í ṣe àwa nìkan o. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá adágún ńlá tí wọ́n ń pè ní Superior, ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ Ojibwe. Ọ̀kan nínú wọn, William Warren, tí wọ́n bí ní 1825, tí ìyá ẹ̀ jẹ́ Ojibwe, ń ṣe ògbufọ̀. Ó máa ń jókòó ti àwọn àgbà wọn, ó ń gbọ́, ó ń béèrè, ó ń fi ti ẹnìkan wé ti ẹlòmíràn, ó ń kọ ọ́. Ó kọ ìwé tán, kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1853, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. 1885 ni wọ́n tó tẹ ìwé ẹ̀ jáde. Títí dòní, àwọn Ojibwe fúnra wọn ń kà á, wọ́n sì ń bá a jiyàn níbi tó bá kù sí. Mo ń ronú nípa ọmọkùnrin yẹn gan-an. Kò ní fóònù, kò ní dátà, àìsàn ń bá a jà. Èmi ní fóònù, ara mi dá ṣáṣá, mi ò sì lè da ohùn arúgbó kan kọ síbi méjì.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́.

"Àwọn arọ́kin máa ń gbè sẹ́yìn ọba." Òótọ́ ni. Johnson náà gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, ẹni tó bá jẹ́ Ìjẹ̀bú tàbí Ìjẹ̀ṣà á rí i kíákíá. Ṣùgbọ́n kí ni òògùn ẹ̀? Ṣé ká pa arọ́kin Ọ̀yọ́ lẹ́nu mọ́ ni, àbí ká lọ gbọ́ ti Ìjẹ̀bú, ti Ìjẹ̀ṣà, ti Ìbàràpá, ti àwọn ìyàwó ilé tó ń sun rárà tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan? Ẹlẹ́rìí kan ò tó lóòótọ́, ẹ lọ wá ìkejì.

"Ìsìn mi ò gbà á." Ẹ̀gbọ́n, àlùfáà ni Johnson. Kọ́là ló wà lọ́rùn ẹ̀ nígbà tó lọ jókòó ti àwọn arọ́kin. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, ìlú Onítẹ̀bọmi, N. D. Oyèrìndé tó kàwé ní Amẹ́ríkà, tó padà wá ṣe olùkọ́ lọ́dọ̀ ìjọ, òun ló kọ Ìwé Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1934. Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ní Ọ̀yọ́, M. C. Adéyẹmí ti kọ ti Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ Ìsisìnyí ní 1914, Yorùbá lòun náà fi kọ ọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ò bàjẹ́. Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ò bọ nǹkan kan. Ẹ bi ara yín: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Under G, tẹ́ ẹ ń kọjá níwájú ilé Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́, ta ló ti gbọ́ orúkọ Oyèrìndé rí nínú yín? Èmi ò gbọ́ ọ títí mo fi jáde ilé ìwé.

"Gbogbo ẹ̀ ti wà lórí Google." Irọ́ ni. Wákàtí méjì bàbá ò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹnìkan bá gbé síbẹ̀ ló wà níbẹ̀, ohun tá à ń gbé síbẹ̀ náà ni fídíò aláìlórúkọ wọ̀nyí. Ní ọ̀la, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè á kó o jẹ, á pọ̀ ọ́ fún ọmọ yín, ọmọ yín á gbà pé bó ṣe rí nìyẹn.

"Ebi ń pa wá, ta ló ráyè ìtàn?" Èyí ló dùn mí jù, nítorí òótọ́ wà nínú ẹ̀. Mo mọ iye tí oúnjẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìtàn pawó nínú wa ń jẹun níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Àgbà tó ni ọ̀rọ̀ ńkọ́? Tí a bá pe onílù síbi ìnáwó, a ó náwó fún un. Tí a bá pe akẹ́wì, a ó san àsansílẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé arúgbó onítàn nìkan là ń fún ní "Ọlọ́run á san án fún yín, Bàbá"?

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú: ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ àwòrán olóògbé yẹn, pé bí arúgbó bá kú, ilé ìkàwé kan ló jóná. Amadou Hampâté Bâ ará Málì ló sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní UNESCO ní 1960, kì í ṣe láti fi ṣe ìdárò nìkan. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀, pé kí wọ́n tètè lọ gba ohun tó wà lẹ́nu àwọn àgbà sílẹ̀. Àwa wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìdárò. Nígbà tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù kẹrin 2022, ọba tó lè sọ ìtàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú ìwé gbogbo wa kún fún ilé ìkàwé tó jóná. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, a ti gbàgbé. Ilé ìkàwé kọ́ ni arúgbó. Èèyàn ni, ó ń wúkọ́, ó ń retí pé kó o padà wá.

Ó tó. Kí ni mo fẹ́ kí á ṣe? Ẹ má retí ìjọba, mi ò bá ìjọba sọ̀rọ̀ lónìí.

Dárúkọ. Ẹnu ẹni tó o bá ti gbọ́ ọ, sọ orúkọ ẹ̀, sọ agboolé ẹ̀, sọ ìlú ẹ̀, tó bá gbà fún ẹ. Tó bá ní kó o má sọ ọ́, sọ pé ó ní kó o má sọ ọ́. Tó bá jẹ́ inú ìwé ni, dárúkọ ìwé.

Gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Má gé e lójú ẹsẹ̀. Da a kọ síbi méjì ó kéré tán kó o tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú ẹ̀, kó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé náà. Tiwọn ni.

Sanwó. Kó o tó tan fóònù, ẹ jọ dá a láàárín ara yín. Tó bá sì mówó wọlé lẹ́yìn ẹ̀, padà lọ.

Padà lọ. Èyí ló ṣòro jù, òun náà ni mo kùnà. Gbé e lọ kí bàbá gbọ́ ohùn ara ẹ̀. Á tún rántí ohun tó gbàgbé, á tún èyí tó o ṣì gbọ́ ṣe. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwa la mọ fóònù lò, àwọn ni wọ́n ní ọ̀rọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀.

Ní ti èmi, mo lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, mo sọ òótọ́ fún wọn pé mo ti sọ ohùn bàbá wọn nù. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n wá ní, "Àbúrò Bàbá wà níbẹ̀ yẹn, òun náà mọ̀ díẹ̀. Etí wọn ò gbọ́ran mọ́ dáadáa, wàá pariwo." Mo jókòó, mo pariwo. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta la rí gbà. Ọ̀pọ̀ ohun tí bàbá sọ, àbúrò ò mọ̀ ọ́n. Kó tó di pé mo kúrò lágboolé, mo ti fi sórí fóònù ìyá náà àti ti ọmọ wọn.

Orúkọ bàbá ti wà lábẹ́ fídíò mi àtijọ́ báyìí, àwọn ọmọ wọn ló fọwọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta ló fi pẹ́.

Tó o bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí, má kàn sọ fún mi pé mo gbìyànjú. Pe àgbà kan lónìí. Béèrè orúkọ ẹni tó sọ ìtàn fún òun náà, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá bá mi jà lábẹ́ ibí.